Ìwọ àti Ẹ̀yin ní Ṣọ́ọ̀bù Roswitha

"Frau Kleemann, ṣé ọ̀rẹ́ wa ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà?"

Jule ti ń to ọ̀rọ̀ náà pọ̀ nínú láti ilé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà, ìtìjú kì í sì í jẹ́ kó lanu níwájú àgbà. Roswitha Kleemann, aránṣọ, ń fi ètè di abẹ́rẹ́ mú. Ó wo ọmọ náà, ó wo géètì bárékè wọn tó wà ní òdìkejì títì, ó ní, "Na apá rẹ dáadáa, kí n má baà gún ọ." Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lára ẹ̀wù Jule. Ohun tí ọmọ náà rí gbà lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Ní Erlenweiler, ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Jámánì, kò sí ilé tí kò jẹ nínú bárékè yẹn. Ìyá Roswitha ló kọ́kọ́ ń rán orúkọ àwọn ọmọ ogun mọ́ àyà aṣọ wọn. Nígbà tí ojú ìyá ò ríran fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, ọmọ bọ́ sídìí ẹ̀rọ, kò sì dìde níbẹ̀ mọ́. Kò lọ́kọ. Ó rán aṣọ àwọn tó ń lọ sógun, ó rán ti àwọn tó bọ̀. Ti àwọn tí kò bọ̀, kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. "Rosie" ni wọ́n ń pè é. Ẹnu wọn ló ti gbọ́ èdè wọn, kò jókòó ní kíláàsì fún un rí.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe rẹ̀ ti wá. Ní Erlenweiler, àgbà méjì a máa pe ara wọn ní ẹ̀yin títí di ọjọ́ tí èyí àgbà nínú wọn bá gbé wáìnì kalẹ̀, tó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́, ìwọ ni ká máa pe ara wa." Tí wọ́n bá ti mu ún, ọ̀rẹ́ dé nìyẹn. Roswitha àti obìnrin oníbúrẹ́dì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jọ darúgbó ni, síbẹ̀ ẹ̀yin ni wọ́n ṣì wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò, fún ọ̀gágun àti fún ajá. Roswitha gbọ́ ọ ní ìwọ. Lójú tirẹ̀, àwọn àlejò yìí ò dúró de wáìnì kankan. Ọjọ́ tí wọ́n wọlé ni wọ́n ti mú un lọ́rẹ̀ẹ́.

Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni Sájẹ́ǹtì Purcell, tí wọ́n ń gbé lọ síbi iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n tún ń gbé padà títí irun rẹ̀ fi funfun. Lórí àpótí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ló ti máa ń jẹ ọbẹ̀ ọ̀dùnkún Roswitha.

Ọ̀rọ̀ pé àwọn ọmọ ogun ń lọ kì í ṣe tuntun. Olórí kan a gorí oyè ní Amẹ́ríkà, a ní kí Yúróòpù máa ṣọ́ ara rẹ̀. Ìjọba ní Berlin a fèsì. Ìlú a gbọ̀n, a sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí Jule pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, kò rọlẹ̀. Ilé tí àwọn ọmọ ogun ń gbé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Onílé ṣọ́ọ̀bù, Herr Lauermann, wọlé wá nígbà tí Jule ń dúró de síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ kí wọ́n ká etí rẹ̀.

"Frau Kleemann, ṣé ẹ máa tún gba ṣọ́ọ̀bù yìí fún ọdún mìíràn? Ẹni tó ń tún fóònù ṣe, tó fẹ́ gbà á, kò jẹ́ n sinmi."

"Ẹ jẹ́ n rò ó."

"Láti Àjíǹde lẹ ti ń rò ó! Àwọn èèyàn yín mà ń di ẹrù o."

"Èèyàn mi? Ta ló ń gbowó ilé lọ́wọ́ wọn, èmi àbí ẹ̀yin?"

Lauermann rẹ́rìn-ín, ó jáde. Roswitha mí kanlẹ̀. "Kí Purcell ṣáà wá. Tó bá ní àwọn ò lọ, mo dúró. Ọ̀rẹ́ kì í tan ọ̀rẹ́."

Kò pẹ́ tí Purcell fi dé. Ó tẹ orí ba, ó sì fi èdè Jámánì sọ ọ́, bí ọmọ tó mọ iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ dáadáa: "Ẹ káàsán, Frau Kleemann. Ṣé ara yín le?"

Sísọ́ọ̀sì dúró lọ́wọ́ Roswitha.

"Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Kí lẹ fi ṣe mí bíi ti báwo?"

"Ẹ̀yin! O pè mí ní ẹ̀yin."

"Mo ti ń lọ kíláàsì ni. Olùkọ́ wa ní bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe àgbà."

"Láti ọjọ́ yìí wá ńkọ́? Nínú èdè tìrẹ, èwo lò ń pè mí?"

Purcell wo Jule bí ẹni ń wá ìrànlọ́wọ́. Jule ti kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé, ó mọ̀ pé ìwọ àti ẹ̀yin kò yàtọ̀ nínú rẹ̀, ó doríkodò. Purcell padà sí èdè tirẹ̀. "Mi ò rò ó rí, Rosie. Ọ̀kan náà ni lọ́dọ̀ tiwa."

Roswitha bu ọbẹ̀ fún un. Kò jẹ ẹ́ tán.

"Ṣé gbogbo yín ń lọ?"

"Wọn ò tíì sọ fún wa. Ohun tí wọ́n bá sọ láàárọ̀, wọ́n á yí i padà ká tó jẹun alẹ́." Ó gba aṣọ rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́.

Roswitha yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ojú.

"Ìgbà kan wà tí o bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan, tí abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi."

Jule ò mọ̀ pé ó rántí.

"Èmi ni mo pè wọ́n lọ́rẹ̀ẹ́, Jule. Wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọn ò purọ́ fún wa. Ohun tó wù wá la gbọ́. Ó ti rẹ̀ mí láti máa dúró kí wọ́n sọ èwo ni. Tí o bá ń kọjá níwájú ilé Lauermann, sọ fún un pé kí ẹni tó ń tún fóònù ṣe máa bọ̀."