Àyà Àpọ́nlé Ń Já

Àwọn tó máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá nítòsí Toll Gate ní Ṣàngó rò pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni Àpọ́nlé àti Fàtímọ̀. Orogún ni wọ́n. Àpọ́nlé ni ìyálé, òun ló ń rán híjáàbù. Fàtímọ̀ ni ìyàwó, òun ló ń ta òwú, bọ́tìnì àti síìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyálé rẹ̀. Nígbà tí Jìbírílù ọkọ wọn, tó ṣe iṣẹ́ wẹ́dà ní iléeṣẹ́ onírin kan, wà láyé, àwọn méjèèjì kì í bára wọn jẹun. Ìgbà tó kú ni wọ́n tó wo ojú ara wọn dáadáa. Naimat, ọmọ Fàtímọ̀, ti lọ sílé ọkọ. Umar, ọmọ Àpọ́nlé, ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin. Ó ku obìnrin méjì nínú ilé ńlá ní àdúgbò Joju. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọbẹ̀ ìkòkò kan náà nìyẹn.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni Àpọ́nlé. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ bí o bá gbé aṣọ tí kò dáa wá, yóò sọ ọ́ lójú rẹ.

Ní ọdún kejì tí ọkọ wọn kú, nígbà òjò, ó ṣàdédé gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé igbá àyà.

“Fàtímọ̀, àyà mi ń já.”

“Kí ló ń já yín láyà, Ìyá mi?”

“N kò mọ̀ ọ́n. Ó kàn ń já ni.”

Ta ni yóò gbọ́ pé àyà ẹnì kan ń já tí kò ní rò pé ẹ̀rù ló ń bà á? Fàtímọ̀ rò pé ìrònú ọkọ ni. Ó ní, “Ẹ yé ro Alhaji mọ́. Ẹni tó lọ ti lọ.” Ó ka Yáásíìnì sínú omi, ó gbé e fún un mu. Nígbà tí Àpọ́nlé bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ bó bá rìn dé ojú títì, òun fúnra rẹ̀ sọ pé àgbà ló dé.

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni Jemimah, nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ládùúgbò wọn, gbé yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ wá pé kí wọ́n bá òun tú u fẹ̀. Ó rí i tí Àpọ́nlé ń mí bí ẹni tó sáré, bẹ́ẹ̀ orí ìjókòó ló wà láti àárọ̀.

“Ẹ fún mi lọ́wọ́ yín, mà.”

Ó fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, níbi tí iṣan ti ń sọ, ó tẹjú mọ́ aago fún odidi ìṣẹ́jú kan. Ó tún un kà. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Ìyá, ìgbà méjìlélọ́gbọ̀n lé lọ́gọ́rùn-ún ló sọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí èèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, láti ọgọ́ta sí ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó jẹ́.”

Fàtímọ̀ dá sí i. “Ṣé ti àgbà náà?”

“Ti àgbà náà ni, mà. Ọjọ́ orí kì í yí i padà. Ìrìn, ẹ̀rù tàbí ibà lè mú un sáré, àmọ́ ó yẹ kó wálẹ̀ béèyàn bá sinmi. Iye rẹ̀ nìkan kọ́ ló sì ń bà mí lẹ́rù. Ọkàn yín kò lù déédéé. Ó ń sáré, ó ń kọsẹ̀. Ẹ lọ sí ọsibítù lọ́la, kí wọ́n lẹ wáyà mọ́ yín láyà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.”

Nígbà tó lọ tán, Àpọ́nlé wo òkìtì aṣọ funfun tó wà níwájú rẹ̀. Àwọn ọmọ kéwú máa ṣe wòlímọ̀ ní Sátidé, híjáàbù wọn mẹ́rìnlá ló sì kù láti rán.

“Màá lọ ní ọjọ́ Jímọ̀,” ló wí.

Fàtímọ̀ ì bá ti sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni Jìbírílù fi rìn wọ ọsibítù, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé jáde. Ẹ̀rù ọsibítù ń ba Fàtímọ̀ ju ẹ̀rù iṣan lọ. Ó ní, “Kò burú, ọjọ́ Jímọ̀.”

Láàárọ̀ Tọ́sìdeè, Àpọ́nlé fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ, ó já wálẹ̀. Fàtímọ̀ pè é, ó yíjú, ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní ọsibítù tí wọ́n sáré gbé e lọ, dókítà ní nígbà tí ọkàn kò lù déédéé mọ́, ẹ̀jẹ̀ dì nínú rẹ̀, ló bá gba ibẹ̀ lọ sínú ọpọlọ. Fàtímọ̀ bi í bóyá kì bá ti ṣẹlẹ̀ ká ní àwọn tètè wá. Dókítà ní oògùn wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àmọ́ òun kò lè búra.

Oṣù márùn-ún ni Àpọ́nlé fi dùbúlẹ̀ nílé. Gbogbo ọ̀rọ̀ lọ lẹ́nu rẹ̀, ó ku ẹyọ kan: “Ó dáa.” Bí wọ́n bá wẹ̀ ẹ́, ó dáa. Bí ẹ̀kọ gbígbóná bá jó o lẹ́nu, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó dáa náà ni. Jemimah kọ́ Fàtímọ̀ bí wọ́n ṣe ń ka iṣan, ó sì ń kà á láràárọ̀. Oògùn ti mú un wálẹ̀: méjìlélọ́gọ́rin, mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Iye tó dára gan-an. Ọwọ́ ọ̀tún kò gbé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àlàásàrì, Fàtímọ̀ jáde lọ ká aṣọ lórí okùn. Nígbà tó wọlé padà, ìyálé rẹ̀ ti lọ.

Umar dé láti Ìlọrin lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n ti sìnkú tán, tí àwọn àlejò ti dínkù, ó jókòó ti Fàtímọ̀ lórí ẹní.

“Ìyá Naimat, ṣé ẹ kò mọ nǹkan kan kí àìsàn yìí tó dá Ìyá mi dùbúlẹ̀ ni?”

Ó lè sọ pé rárá. Kò sẹ́ni tí yóò já a nírọ́.

“A mọ̀,” ló wí. “Fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo ní kò burú.”

Umar dìde. Ó gbé búútà, ó lọ ṣe àlùwàlá. Fàtímọ̀ ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà sílẹ̀ níta. Kò mọ̀ bóyá yóò padà wá jókòó ti òun.