Bí Dora Ṣe Kọ́ Ìṣirò Pínpín Láti Ẹ̀yìn Wá

Bí ẹ bá dé Ìjù-Odò tí ẹ ní ẹ fẹ́ rí Dora Akíntìmẹ́hìn, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ bàbá rẹ̀. Ẹ ṣáà ti ní Antí Dora oníṣirò, ọmọdé tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ni yóò mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Orúkọ náà kò wá lọ́fẹ̀ẹ́ o. Ìṣirò yìí kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di ẹni yẹ̀yẹ́.

Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, nínú agboolé tí èéfín kì í kúrò lórí òrùlé rẹ̀, nítorí púpùrú, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gún, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sì fi èéfín gbẹ lórí àjà, ni ìyá rẹ̀, Màmá Susan, ń ṣe tà. Dora ka ìwé tán, ìjọba gbà á síṣẹ́ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó tún forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì ní Òkìtìpupa, ó ń lọ ní Sátidé Sátidé láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣètò ẹ̀kọ́. Àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín pé ètò wo ni ẹ̀kọ́ tún ní ju kí olùkọ́ mú ṣọ́ọ̀kì lọ. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń bí mi nínú. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé ń ya àwòrán ilé sórí ìwé, ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni kò wá gbọdọ̀ ronú?

Sáà tí mò ń sọ yìí, Praimari Fáìfù B ni wọ́n fún un. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, inú B yẹn ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ tó ti rẹ̀yìn sí. Hẹ́dímásítà, Ọ̀gbẹ́ni Ambrose, kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n bó bá ti sọ̀rọ̀, kì í yí i padà. Ó pe Dora sí ọ́fíìsì.

"Antí Dora, ìṣirò pínpín gígùn ni màá fi dán wọn wò ní ìparí sáà. Bí ìdajì wọn ò bá yege, gbogbo wọn ni yóò tún kíláàsì náà ṣe."

Nínú àwọn ọmọ kíláàsì náà, ti Miracle ló dun Dora jù. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ẹja ni Lazarus bàbá rẹ̀ ń tà, ọmọ náà sì ti tún kíláàsì ṣe rí. Lazarus dá Dora dúró lẹ́nu géètì, ó là á mọ́lẹ̀ fún un.

"Antí, mi ò bá yín jà o. Ẹ ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n bó bá tún fìdí rẹmi, ọjọ́ náà gan-an ni màá gbé e lọ bá àbúrò mi létíkun, kó lọ kọ́ ẹja yíyan. Ẹja ò ní bi í pé ṣé ó mọ ìṣirò."

Dora kò lè sùn dáadáa mọ́. Ó kó gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní yunifásítì jáde. Wọ́n ní kí olùkọ́ kọ́kọ́ yẹ akẹ́kọ̀ọ́ wò kó mọ ibi tó wà, kó tó ya ètò, kó tó pèsè ohun èlò, kó tó wá kọ́ni. Lẹ́yìn náà kó wò ó bóyá ẹ̀kọ́ wọlé, kó sì tún ibi tó bá wọ́ ṣe. Ó yẹ̀ wọ́n wò lóòótọ́. Ó mọ ẹni tí ìsọdipúpọ̀ ń dà láàmú, ó mọ ẹni tí kò lè yọ nọ́ńbà kúrò nínú nọ́ńbà. Ó to ìdérí ìgò, ó kọ káàdì aláràbarà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti orí: pín in, sọ ọ́ di púpọ̀, yọ ọ́ kúrò, fa èyí tó kàn wálẹ̀, bẹ̀rẹ̀ padà. Kí wọ́n tó dé àárín, ojú ti lọ sójú fèrèsé, Miracle ti gbórí lé tábìlì. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà tó parí irú ìṣirò yẹn rí láyé rẹ̀.

Ní Sátidé kan tí yunifásítì gba ìsinmi, Dora wà nínú ilé èéfín ìyá rẹ̀, ó fajú ro.

"Ìwọ, bí o bá ti wá, fọwọ́ kan nǹkan," ni Màmá Susan wí, ó na ọ̀bẹ sí i.

Dora mú púpùrú kan tó ti gbẹ lórí àjà, ó ń ha ẹ̀yìn rẹ̀ tó dúdú kí funfun inú lè yọ. Ọlámipọ̀sí, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jókòó tì í, òun náà ń ha tirẹ̀. Ọmọ yìí kò bó ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo rí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́: "Púpùrú tèmi la máa jẹ lálẹ́ o! Èmi ni mo ṣe é!"

Ọwọ́ Dora dúró. "Ìyé, kí lẹ kọ́kọ́ fún mi ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré?"

"Híha náà ni. Àbí ta ló máa fún ọ ní ẹ̀gẹ́, kí o bó o tán mọ́ èèpo?"

Dora bú sẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tó kẹ́yìn ni òun kọ́kọ́ mọ̀! Lẹ́yìn híha ló kọ́ gígún àti jíjọ̀, lẹ́yìn ìyẹn ló kọ́ ṣíṣù àti títò sórí àjà. Bíbó àti rírẹ sómi ló dé gbẹ̀yìn. Láti ọjọ́ kìíní ló ti ń rí oúnjẹ tó jinná tó sì ń pè é ní tirẹ̀. Òun tó ti wádìí gbogbo ohun tí àwọn ọmọ ò mọ̀, òun ò bi ara òun léèrè rí bí òun fúnra òun ṣe kọ́ èyí tí òun mọ̀.

Ó fi fóònù pe olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, Ọ̀mọ̀wé Pamílẹ́rìn, ó bi í bóyá èèyàn lè kọ́ ọmọ ní ìṣirò láti ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn wá. Ìyẹn rẹ́rìn-ín. "A dé ibẹ̀ lóṣù tó kọjá, ìwọ lo ò fi ọkàn sí i. Ó dára. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára ọmọ díẹ̀."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó dá ọmọ mẹ́rin dúró lẹ́yìn ilé-ìwé, Miracle sì wà nínú wọn. Ó kọ 952 sójú pátákó, ó ń fi 7 pín in. Òun fúnra rẹ̀ ṣe é, ó ṣe é, títí ó fi ku 42 nísàlẹ̀.

"Miracle, méje mélòó ló wà nínú 42?"

"Mẹ́fà."

"Kọ ọ́ sókè. Yọ ọ́ kúrò. Kí ló kù?"

"Kò ku nǹkan kan, Antí."

"Ó tán nìyẹn. Ìwọ lo parí rẹ̀."

Miracle wo 136 tó wà lókè. "Èmi?"

Dora tún rí i pé nígbà tí òun ń ṣe apá tòun ní ìdákẹ́jẹ́, ojú wọn ń rìn kiri. Ló bá yí i padà: ó ń sọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sókè, àwọn ọmọ ń gbè é. Nígbà náà ló gbé e wọ kíláàsì. Wọ́n ń ṣe ìgbésẹ̀ kan tó kẹ́yìn, ó di méjì, ó di mẹ́ta. Àwọn olùkọ́ yòókù ń yọjú lójú fèrèsé pé Antí Dora ń fi ẹ̀yìn rìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yọjú, ọ̀nà kan ò wọjà. Ìgbà tó fi di ìparí sáà, àwọn ọmọ B ló ń lé olùkọ́ kúrò nídìí pátákó: "Ẹ jókòó, Antí, a ti mọ̀ ọ́n láti orí!"

Ọ̀gbẹ́ni Ambrose fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìdánwò náà kalẹ̀, ó sì máàkì í fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ àbájáde, Lazarus ti dé pẹ̀lú ọlọ́kadà, wọ́n ti so báàgì Miracle mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Hẹ́dímásítà wọlé. Ó ní àyàfi ọmọ mélòó kan, gbogbo wọn ló yege. Kí Dora tó mí, ó tún fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá ńṣe ni wọ́n há a sórí. Miracle, bọ́ síwájú."

Ó kọ 3874, ó ní kó fi 13 pín in. Dora kò kọ́ wọn ní irú èyí rí! Lazarus wá dúró lójú fèrèsé.

Miracle kọ 2, ó yọ ọ́, ó fa 7 wálẹ̀, ó di 127. Ó kọ 8. Ó yọ ọ́, ó rí 23, ó mi orí. "Rárá, ó ṣì gba ọ̀kan sí i." Ó fọwọ́ pa á rẹ́, ó kọ 9. Ó fa 4 wálẹ̀, ó di 104, ó kọ 8. 298. Kò ku nǹkan kan.

Ariwo sọ! Wọ́n ń lu tábìlì, wọ́n ń fò. Ọ̀gbẹ́ni Ambrose na ọwọ́ sí Dora, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ṣinṣin, Dora sì ń sunkún ayọ̀ níwájú gbogbo kíláàsì láìtijú. Níta, ọlọ́kadà ń fun fèrè pé òun ti pẹ́.

Miracle kò tíì fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Sà, ẹ fún mi ní òmíràn."

Lazarus yí padà, ó lọ tú báàgì náà kúrò lẹ́yìn alùpùpù.

"Ẹ máa lọ, ọ̀gá," ó ní. "Ọmọ mi wà ní kíláàsì."