Ìyá Mi Nídìí Àbẹ́là

Inú bí mi sí ìyá mi lọ́jọ́ tí mo bí àkọ́bí mi, mi ò ní purọ́. Oyún méjì ló ti bàjẹ́ mọ́ mi lára. Lásìkò tí owó epo rọ̀bì kún ìlú, gbogbo ilé àdúgbò wa ní Ìsọlọ̀ ló ń ra tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì. Èmi tíṣà, ọmọ ni mò ń wá.

Nígbà tí oṣù mi pé, ìyá mi ti Èkìtì dé, wọ́n sọ̀ ní Òṣòdì pẹ̀lú àpò èlùbọ́. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n. Ilé ọkọ ló sọ mí di Kátólíìkì, ìyá mi sì máa ń fi àwọn àbẹ́là tó ń jó níwájú ère Màríà ṣe mí ní yẹ̀yẹ́.

"Ṣé Ọlọ́run yín kì í ríran lọ́sàn-án ni?"

Màá ní a ń tàn án kó lè máa bá wa gbàdúrà lọ, bí àwa bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n á ní kí n lọ gbọ́ oúnjẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń rọbí, bí ọkọ mi ṣe fẹ́ gbé mi lọ sílé ìgbẹ̀bí, ẹ̀rù bà mí, mo di ọwọ́ ìyá mi mú. "Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ yà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ bá mi tan àbẹ́là kan, kẹ́ ẹ wá bá mi."

Wọ́n wò mí. "Ó dáa, ọmọ mi."

Ọ̀sán pọ́n, mi ò rí wọn. Nọ́ọ̀sì ní kí n yéé wo ẹnu ọ̀nà. Mo pariwo, mo bú ẹni tí kò yẹ kí n bú. Nígbà tó ṣe, ọmọ ké. Ó ké bí ẹni tó fẹ́ bá gbogbo wa jà. Obìnrin ni! Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ìrora.

Ìrọ̀lẹ́ ni ìyá mi tó wọlé, ìda àbẹ́là ti kán sí wọn níró.

"Màmá, mò ń rọbí, ẹ lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ta ní í tan iná, tí í fi í sílẹ̀ lọ? Èyí tó ga jù ni mo rà. Atẹ́gùn ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fẹ́ kú, mo fọwọ́ bò ó. Mo ní rárá, eléyìí ò ní kú. Ìgbà tó jó tán ni mo dìde."

Ìbínú mi yọ́. Èmi ni mò ń ṣàlàyé pé àbẹ́là ń gbàdúrà dípò ẹni. Ìyá mi ò jẹ́ kó dá àdúrà náà gbà.

Ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì gbé ọmọ dé. Ìyá mi gbà á, wọ́n gbé e sókè, wọ́n jó yí ibùsùn mi ká. "A ti borí! A ti borí!" Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n rọra o. Mo dìde jókòó, mo bá wọn kígbe.