Ẹyẹ Tí Kò Fẹ́ Tùràrí

Ìyá mi fẹ́ padà sílé. Kò pariwo rẹ̀. Kì í pariwo ohun tó bá ti pinnu. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè, bí ẹni tó ń béèrè iye tí wọ́n ń ta iṣu, pé ṣé ọkọ̀ òfurufú ṣì ń lọ sí Èkó. Mo ní ó ń lọ. Ó ní ó dáa. Lọ́jọ́ kejì ó tún béèrè.

Ilé tó fẹ́ padà sí yìí, ní Ìjẹ̀bú, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Bàbá mi ti kú, àwọn ayálégbé ti kó lọ. Nígbà tí ìyá mi fúnra rẹ̀ ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ilẹ̀ mọ́ kí ẹni tó ń kiri ẹ̀kọ tó rí i. Ìdí nìyẹn tí a fi mú un wá sí London. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni èmi àti ìyàwó mi ń ṣe. Ìyàwó mi ń tọ́jú ìyá àwọn ẹlòmíràn ní Becontree Heath. Èmi ń lọ sí ọ́fíìsì láti kọ ìròyìn tí ẹnikẹ́ni kò ní kà. Ìyá tiwa wá jókòó sínú fúláàtì tí a háyà létí Gascoigne, ní Barking, ó ń wò bí wọ́n ṣe ń wó ilé kan tí wọ́n sì ń kọ́ òmíràn sípò rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀, tẹlifíṣọ̀n kì í sì í dúró gbọ́ èsì.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, a ń ti ọjà East Street bọ̀, ó dúró lójijì níwájú fèrèsé ilé kan. Ẹyẹ kéékèèké méjì wà nínú kéèjì níbẹ̀, ọ̀kan ní àwọ̀ ewé, ọ̀kan ní àwọ̀ aró, wọ́n ń jiyàn. Bọ́jì ni wọ́n ń pè é níbí. Ẹ ṣáà kà á sí àbúrò ayékòótọ́, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ẹnu rẹ̀ sì ju gbogbo ara rẹ̀ lọ. Ìyá mi kí wọn. Wọ́n dáhùn. Ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń jà láàárọ̀ kùtù. Wọ́n ro ẹjọ́ wọn, àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìyàwó ilé ṣe máa ń rò ó. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Àpò ata wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè gbé e sílẹ̀, mi ò sì lè máa lọ, nítorí láti ìgbà tí a ti sin bàbá mi, n kò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

“Àwọn wọ̀nyí gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ,” ó ní.

Kí a tó délé ni mo ti pinnu pé a máa ra ẹyẹ.

Ẹni tí kò kàwé, bó bá fẹ́ ẹyẹ, yóò lọ ra ẹyẹ. Èmi lọ sí yunifásítì, nítorí náà mo kọ́kọ́ ṣe ìwádìí. Mo ka ohun tí àwọn àgbàlagbà kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń bú ara wọn nítorí igi tí ẹyẹ ń bà lé, bóyá kó rí roboto ni o, bóyá kó rí págunpàgun. Mo rí obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní màmá ẹyẹ mẹ́fà, tó kọ̀wé pé òun ò lè lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò òun nítorí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ òun ń pa ìyẹ́ dà. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún ìyàwó mi títí, kó tó rán mi létí pé aago ti ń lọ, pé èmi náà ṣì ń kà á.

Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yé mi. Kéèjì gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ, nítorí ẹyẹ kì í fò bí ẹní gun àkàbà. Wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì. Wọn ò gbọ́dọ̀ gbé ibi tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń wọlé, wọn ò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ilé ìdáná, pàápàá bí ẹ bá ní páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́. Bí irú páànù bẹ́ẹ̀ bá gbóná jù, èéfín tí ẹ̀yin ò tilẹ̀ rí yóò ti pa ẹyẹ kí ẹ tó yí dòdò padà. Ìyàwó mi gbé páànù náà fún aládùúgbò wa lọ́jọ́ náà gan-an. Aládùúgbò náà dúpẹ́. Kò ní ẹyẹ.

Ẹni tó ń ta wọ́n jẹ́ bàbá òyìnbó kan ní Dagenham, tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni ó kọ́ ahéré sí fún wọn, ẹyẹ inú rẹ̀ sì pọ̀ ju èrò ìṣọ́ òru ìjọ ìyá mi lọ. Mo rò pé a máa kàn mú ẹyẹ lọ sílé ni. Bàbá náà jókòó, ó wò wá bí ẹni tó ń fúnni ní físà ṣe máa ń wo ènìyàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀. Ta ni yóò wà nílé lọ́sàn-án? Mo ní ìyá mi. Ṣé onílé ti fọwọ́ sí i? Mo ní yóò fọwọ́ sí i. Ṣé ẹnì kan ń mu sìgá? Mo ní ká má rí i. Ó ní àbẹ́là ńkọ́, lọ́fínńdà tí wọ́n ń fín sínú ilé ńkọ́? Mo wo ìyàwó mi. Ìyàwó mi wo ilẹ̀, ó sì béèrè bóyá tùràrí náà wà nínú rẹ̀.

Bàbá náà ní èéfín ni èéfín ń jẹ́. Ẹ̀dọ̀fóró wọn kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Ó ní òun máa wá wo ilé náà fúnra òun lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, bí ó bá tẹ́ òun lọ́rùn, àwọn ẹyẹ á tẹ̀ lé wa.

Tùràrí ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni ìyá mi. Láràárọ̀, yóò wọ aṣọ funfun rẹ̀, yóò tan àbẹ́là, yóò sì sun tùràrí nínú àwo kékeré kan títí a ò fi ní rí ibùsùn rẹ̀ mọ́. Nígbà tí a ṣàlàyé fún un, ó bi wá pé irú ẹyẹ wo ló kọ àdúrà. Lẹ́yìn náà ó ní òun á máa ti ilẹ̀kùn yàrá òun. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ìwé púpọ̀ máa ń jẹ́ kéèyàn tètè rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ó wá ku onílé. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, pásítọ̀ ni, ó kó wá láti Peckham. Ó ní Ọlọ́run ló darí òun sí Barking. Káàdì tó fún wa lọ́jọ́ tí a gba kọ́kọ́rọ́ kún fún oyè tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ fi bọ́ sẹ́yìn. Mo kọ ímeèlì sí i lédè òyìnbó, mo sì fi gbogbo ohun tí mo kọ́ sínú rẹ̀. Ìyá mi bi mí ta ni mo ń kọ̀wé sí tójú mi fi le báyìí.

“Onílé ni, mà.”

“Ọmọ Yorùbá kọ́ ni?”

“Ọmọ Yorùbá ni.”

“Ẹ̀yin méjèèjì wá ń sọ òyìnbó síra yín nítorí ẹyẹ.”

Èsì onílé gùn ju tèmi lọ. Ó ní òun máa jíròrò pẹ̀lú gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni. Ní òwúrọ̀ Sátidé náà ó wọ kóòtù wá, ó mú ìgò òróró ìyàsímímọ́ lọ́wọ́. Ó fọwọ́ kanlẹ̀ fún ìyá mi, ó wo kéèjì tuntun tí a ti gbé síbi ògiri, ó mi orí. Ó ní ọ̀rọ̀ kápẹ́ẹ̀tì kọ́ ló wà lọ́kàn òun. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

“Mọ́mì, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹyẹ ń ṣe nílé wa. Ẹyẹ kì í déédéé wọlé onílé.”

“Ṣé ẹyẹ àjẹ́ lò ń sọ?” ni ìyá mi dáhùn. “Àjẹ́ wo ló máa wọ bọ́ọ̀sì láti Dagenham?”

“Àjẹ́ kì í wọ bọ́ọ̀sì, Mọ́mì.”

“Àwọn wọ̀nyí máa wọ̀ ọ́. Àdàbà tó bà lé Jésù lódò Jọ́dánì ńkọ́, ọwọ́ onílé wo ló ti gbàṣẹ?”

Pásítọ̀ gbé ìgò òróró rẹ̀ sí ọwọ́ kejì. Ó ní àdàbà nìyẹn. Ẹyẹ Ọsirélíà nìwọ̀nyí. Ìyá mi béèrè bóyá Ọlọ́run ò tíì dé Ọsirélíà. Ìyàwó mi sáré wọ ilé ìdáná lọ rẹ́rìn-ín.

Onílé gbà nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó ní òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya ibẹ̀ sí mímọ́. Ó da òróró sórí kéèjì, ó fi pa irin rẹ̀, ó fi pa àwọn igi inú rẹ̀, ó ń gbàdúrà bọ̀. Ìyá mi wò ó. Ó wọ yàrá, ó sì jáde pẹ̀lú àwo tùràrí tó ti ń rú. Ó ní a kì í fi àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo gba àlejò nílé òun. Pásítọ̀ ní láti inú Májẹ̀mú Láéláé ni tùràrí ti wá. Ìyá mi ní ibẹ̀ náà kọ́ ni òróró ti wá ni? Bí wọ́n ṣe dúró nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèjì òfìfo, ọ̀kan ń da òróró, ọ̀kan ń rú èéfín, ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ kọ́kọ́ ṣe àmín.

Aláàmù iná tó wà lókè àjà ló bá wa parí rẹ̀. Ó ké. Pásítọ̀ rò pé ẹ̀mí kan ti fẹ́ jáde. Ó gbóhùn sókè, ó ń lé e lọ ní èdè tí wọn kì í sọ ní Ìjẹ̀bú, tí wọn kì í sì í sọ ní Dagenham. Nǹkan náà kò jáde. Bátìrì rẹ̀ dára. Ìyàwó mi gun àga, ó ń fi àwo pẹrẹsẹ fẹ́ ẹ títí ó fi dákẹ́. Pásítọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun gba ẹyẹ láyè, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ní ìtura ti dé. Ó sì lọ.

Lọ́sàn-án, bàbá tó ń ta ẹyẹ dé. Ó kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó fa imú, ó bi wá pé kí la sun. Ó wọlé díẹ̀, ó fi ìka kan igi inú kéèjì, ó wo òróró tó wà lórí ìka rẹ̀. Kò bínú, ìbá sàn kó bínú. Ó ní bí òróró bá lẹ̀ mọ́ wọn níyẹ̀ẹ́, òtútù á pa wọ́n, bí òtútù ò bá sì pa wọ́n, èéfín yìí á pa wọ́n. Ó ní òun ò lè fi wọ́n síbí. Ó kí ìyá mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó yí padà.

Ìyá mi ní kí ìyàwó mi túmọ̀ ohun tí bàbá náà wí, kó má sì gé e kúrú. Ìyàwó mi sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá mi lọ jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n. Ní ìrọ̀lẹ́, ó tún béèrè nípa ọkọ̀ òfurufú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó béèrè ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

Òtútù ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Gbogbo fèrèsé ilé ló ṣí sílẹ̀ gbayawu, nínú oṣù Fẹ́búárì. Aṣọ fèrèsé wà nínú omi ọṣẹ ní ilé ìwẹ̀. Ìyá mi jókòó ní pálọ̀, ó wọ kóòtù lé aṣọ funfun rẹ̀, ó ń kọ orin àdúrà jẹ́jẹ́. Kò tan nǹkan kan. Ó ti fi bébà wé àwo tùràrí, ó ti dì í sínú náílọ́ọ̀nù.

“Gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì,” ó ní. “Kó máa gbé ibẹ̀. Èmi á máa bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè.”

Mo ní kò di dandan. Ó ní òun mọ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ fún ìyàwó mi, nígbà tí àwọn méjèèjì ń fọ ògiri, pé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, òun ò fẹ́ràn yàrá tó bá ṣófo, èéfín yẹn ló máa ń kún un fún òun. Ìyàwó mi kò bá mi wí pé n kò mọ̀. Ó kàn sọ ọ́ fún mi, ó sì ń bá ògiri lọ.

A kó igi olóróró dànù, a ra òmíràn. Mo fóònù bàbá náà, mo ṣàlàyé. Ó ní ká ní sùúrù, òun á máa pè. Ó sì ń pè lóòótọ́, nírọ̀lẹ́, ìyá mi a sì gba fóònù lọ́wọ́ mi. Bàbá náà á sọ òyìnbó Dagenham, ìyá mi á fi Yorùbá Ìjẹ̀bú dá a lóhùn pé ilé ti mọ́, pé òórùn ti ń lọ, pé òtútù ń pa òun o. Mo fẹ́ máa túmọ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí.

Nígbà tí bàbá náà padà wá, àpótí kan tí wọ́n dá ihò sí lára wà lábẹ́ apá rẹ̀. Kò jókòó. Ó fi imú kan aṣọ fèrèsé, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá mi, ó wọ yàrá rẹ̀, ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó jáde, ó ṣí àpótí náà sẹ́nu kéèjì. Àwọn ẹyẹ méjì wọlé, wọ́n sá lọ sí kọ̀rọ̀, wọ́n sì dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ìyá mi tẹ̀ síwájú, ó kí wọn. Wọn ò dáhùn. Ó tún kí wọn. Bàbá náà ní wọ́n lè dákẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí a má dààmú wọn. Mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì létí mi.

“Bi í,” ni ìyá mi sọ fún ìyàwó mi, “ọdún mélòó ni wọ́n máa ń lò láyé?”

Bàbá náà ní bí wọ́n bá rí ìtọ́jú, wọ́n lè lo ọdún méje, mẹ́jọ. Òun ní ọ̀kan tó lo mẹ́wàá.

Ìyá mi fi ìka ọwọ́ rẹ̀ ka àwọn ọdún náà. Ó wo àwọn ẹyẹ náà. Ó wá kọjú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo fa gbogbo rẹ̀.

“Wá kóòtù mìíràn fún mi,” ó ní. “Èyí kì í ṣe kóòtù ẹni tó máa pẹ́ níbí.”

Kí n tó dáhùn, ó ti fa àga sún mọ́ kéèjì, ó ń bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń ṣe ìtìjú fún.