Bí Rásákì Ṣe Kọ́ Mi ní Ìpá Títa

Káfíńtà ń rẹ́ pákó lẹ́yìn ilé mi láàárọ̀ yìí. Bí òórùn lẹ́búlẹ́bú pákó ṣe gba imú mi, ẹ̀yìn mi ló kọ́kọ́ rántí.

Nígbà èwe wa, lórí òkìtì lẹ́búlẹ́bú níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Òkè-Sópẹ́n, ni èmi àti Rásákì ọ̀rẹ́ mi ti ń gbára dì. Bọ̀ọ̀dá tó ń kọ́ni níjà fẹ́ mú ẹni tó mọ ìjàkadì àti kàrátè pọ̀ sínú ẹgbẹ́ rẹ̀, mo sì rò pé a jọ máa wọlé ni. Mo fi bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ kọ́ ènìyàn ṣubú han Rásákì. Òun náà kọ́ mi ní ìpá títa: "Dijú pinpin, kí agbára má baà gba ojú jáde." Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo gbà á gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìdánwò, wọ́n ní ká kojú ara wa. Mo dijú, mo tapá. Rásákì gbá ẹsẹ̀ mi mú, ó fi tirẹ̀ kọ́ mi bí mo ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́. Mo fẹ̀yìn balẹ̀ gbì, lẹ́búlẹ́bú kún ẹnu mi.

Bọ̀ọ̀dá ní, "Ṣé àdúrà lò ń gbà ni, tí o dijú?"

"Rásákì ló kọ́ mi, sà."

"Èmi kẹ̀? Bọ̀ọ̀dá, irọ́ ni!"

Òun ni wọ́n mú. Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé ẹnì kan péré ni àyè wà fún, àti pé Rásákì ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe ń lọ sílé, ó gbá mi léjìká. "O ò tíì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún ni lọ́rùn o."

Mo kọ́ ọ.