Orúkọ Ẹkúndayọ̀ Lójú Kọ̀ǹpútà

Ẹ má sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà ń mú kí iṣẹ́ rọrùn. Èmi Ìyá Jẹ̀lílì, tí mo ń ta ìwé àti bírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Ọmọ́bọ́lá ní Okokomaiko, mo rí ohun tí ìrọ̀rùn yẹn fi ojú Ọmọ́bọ́lá rí.

Ẹkúndayọ̀ ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fi lẹ́tà jẹun. Ọ̀dà ló fi ń kọ orúkọ sára pátákó àwọn tó ń ta tẹlifíṣọ̀n ní Ọjà Àlàbá. Ó lè fi ìdajì ọjọ́ kun òjìji lẹ́tà kan ṣoṣo, kó máa súfèé, kí ẹni tó ni pátákó máa bínú. Nígbà tí Ọmọ́bọ́lá ra kọ̀ǹpútà àlòkù ní ọdún 1994, a rò pé ìjà máa dé. Ìjà kankan ò dé. Ńṣe ni ọkùnrin náà fa àga sún mọ́ ìyàwó rẹ̀, tó ń pàṣẹ bí ọ̀gá ilé-ìwé: "Ìyá Victoria, lẹ́tà yẹn ti rù jù. Fún un lóúnjẹ jẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jọ ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní sítáìlì. Wọ́n á yan irú lẹ́tà, bó ṣe máa tóbi tó, òjìji rẹ̀ àti ibi tó máa dúró sí, wọ́n á wá sọ gbogbo rẹ̀ ní orúkọ kan. Láti ìgbà náà, bí Ọmọ́bọ́lá bá ti tẹ ọ̀rọ̀ tán, tó sì yan orúkọ yẹn, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á wọṣọ fún gbogbo ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìwé ìkéde òkú ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn. Wọ́n sọ sítáìlì kan ní Àgbà: ó fẹ̀, ó ní òjìji, òdòdó yí i ká. Ti ẹni tó gbó, tó tọ́, tí ọmọ ń sin, ni. Èkejì ni Ọ̀fọ̀: lẹ́tà dúdú tín-ín-rín, kò sí òdòdó, kò sí òjìji. Ti ẹni tó kú nígbà tí òbí rẹ̀ ṣì wà láyé nìyẹn. Ẹkúndayọ̀ máa ń sọ pé Àgbà ni òun fẹ́ fún ara òun. "Ẹ jẹ́ kó gba gbogbo ojú ìwé o!" A máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí kò tíì ní ewú kan lórí.

Ní ọdún 1996, ó ń gbé pátákó bọ̀ láti Iba ni mọ́tò gbá a ní títì márosẹ̀. Wọn ò tíì gbé e dé ilé ìwòsàn tó fi lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀, Màmá Àwẹ̀ró, dé láti Ìlaròó. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n fẹ́ sin ín, èèwọ̀ sì ni kí ìyá dé ibi tí wọ́n ti ń sin ọmọ rẹ̀. Ó ní kí n mú òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù. "Wọn ò ní jẹ́ kí n rí ibojì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rí ìwé rẹ̀."

Nígbà tí a wọlé, Ọmọ́bọ́lá ti tẹ ìkéde náà tán, ó sì ti yan Àgbà. Orúkọ ọkọ rẹ̀ kún ojú kọ̀ǹpútà fọ́fọ́. Màmá kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó rí òdòdó.

"Kí ni èyí ń wá níbẹ̀?"

"Màmá, ohun tó fẹ́ nìyẹn. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́."

"Ìyàwó mi, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi ṣì wà láyé. Ṣé kí wọ́n lẹ ìwé yìí mọ́ ògiri, kí àwọn èèyàn máa rò pé à ń fi ikú ọmọ mi ṣe àríyá?"

Inú bí mi sí àṣà yẹn lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló ni òkú wọn.

Ọmọ́bọ́lá yan Ọ̀fọ̀. Òjìji lọ, òdòdó lọ, orúkọ Ẹkúndayọ̀ súnkì.

"Ó ti tán?" ni Màmá bèèrè.

"Ó ti tán, mà."

"Kíá báyìí?"

Ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ní, "Dá a padà ná. Jẹ́ kí n wò ó."

Ọmọ́bọ́lá dá Àgbà padà. Arúgbó náà fi ìka tọ àwọn lẹ́tà tí kò lè kà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní oríkì: "Àlàó. Àlàó mi." Ó pẹ́ kó tó gbọ́wọ́ kúrò.

"Ó dára gan-an. Mú un kúrò."

Ọwọ́ Ọmọ́bọ́lá kọ̀. "Màmá, mi ò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì." Màmá bá gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀, wọ́n sì jọ yan Ọ̀fọ̀ padà.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sunkún títí ìwé fi jáde tán. Màmá ká ọ̀kan, ó tì í bọ inú ìró rẹ̀, ó ní kí n tètè mú òun lọ sílé kí wọ́n tó gbé òkú ọmọ òun kọjá, kí ojú òun má bàa rí i.