Ìgò Tí Kò Ṣeé Yọ

Ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ṣe páálí líle ní Mushin, ọ̀gá mi ló máa ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Èmi máa ń tijú, fóòmù inú páálí ni mò ń gé.

Àǹtí kan tó ń ta lọ́fínńdà olówó ńlá wá yan páálí dúdú. Ó ní kí ihò fóòmù há ìgò náà pinpin, kó má baà mì. Mo gé ọ̀kan fún un wò. Ó dùn mọ́ ọn, ó ní ká ṣe ọgọ́rùn-ún. Mo sì mọ̀ pé tí a bá gé gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀pa ò ní bóró mọ́.

Mo na páálí náà sí i. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ wò.”

Èékánná gígùn rẹ̀ kò ríbi dì mú. Ó dojú páálí dé, ó ń gbá a nídìí.

Ọ̀gá mi bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé ẹ máa tẹ̀lé gbogbo oníbàárà yín délé lọ bá wọn yọ ọ́ ni?”

Àǹtí náà rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí mi. “Ìwọ tó o ti dákẹ́ látàárọ̀, báwo la ṣe máa ṣe é?”

Mo gé àyè ìka kan sápá ọ̀tún ihò náà, mo gé òmíràn sápá òsì. Ó ki ìka bọ̀ ọ́, ìgò náà sì jáde wọ́ọ́rọ́.

“Bí ẹ ṣe máa gé gbogbo ẹ̀ nìyẹn,” ló wí.